Àpótí Òróró Olóòórùn Láti Lọ́ńdọ̀nù: Ta Ló Lè Lò Ó Nínú Ilé Yín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi àpótí kékeré kan ránṣẹ́ sí mi. Ìgò mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: lafẹ́ńdà, yúkálíptọ́ọ̀sì, pẹ́pámíńtì, tii tiri, lẹ́mọ́ọ̀nù àti ọsàn dídùn. Ó ní essential oil ni wọ́n ń pè wọ́n, pé kò sí kẹ́míkà nínú wọn, ewé àti èso lásán ni. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tú òórùn wọn sínú yàrá tún wà níbẹ̀. Mo ní ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí imú rẹ̀ máa ń dí lálẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọkọ mi ní ásímà. Màmá ọkọ mi tó wá bá wa tọ́jú ọmọ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Èwo ni mo lè lò fún ta, báwo sì ni mo ṣe máa lò ó? Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Òṣogbo.

Ìdáhùn apòògùn:

Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kánjú jù: ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn kò gbọ́dọ̀ fara kan ìkankan nínú ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ má fi pa á lára, ẹ má kán an sómi ìwẹ̀ rẹ̀, ẹ má kán an sí ìrọ̀rí rẹ̀, ẹ má sì tan ẹ̀rọ òórùn yẹn nínú yàrá tó ń sùn. Àwọn yòókù nínú ilé lè lo díẹ̀ nínú wọn, kálukú pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀, mo sì máa sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ráyè wọ ilé yín lónìí, àpótí Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ béèrè. Káńfọ̀ tó wà láàárín aṣọ àti róòbù tó wà lórí tábìlì ni. Ohun tí ẹ kò béèrè nípa rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Òótọ́ ni àbúrò yín sọ pé ewé àti èso ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n á kó ewé tàbí òdòdó sínú ìkòkò irin ńlá, ooru omi híhó á gba àárín rẹ̀ kọjá, á gbé òróró inú ewé dání lọ. Nígbà tí ooru yẹn bá tutù tó di omi, òróró á léfòó, wọ́n á sì kó o kúrò lórí omi. Ti ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù yàtọ̀, èèpo wọn ni wọ́n ń fún. Nǹkan bí 100 kílógíráàmù òdòdó lafẹ́ńdà ló máa ń lọ sí kílógíráàmù òróró kan. Nítorí náà, ohun tó wà nínú ìgò yẹn kúrò ní ewé. Agbára odindi àpò ewé ni wọ́n kó jọ sínú ohun tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Kẹ́míkà sì ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú yúkálíptọ́ọ̀sì ń jẹ́ sínéólì. Ti pẹ́pámíńtì ni mẹ́ńtọ́ọ̀lù, òun kan náà tó ń tutù lára bí a bá fi róòbù pa. Pé nǹkan wá láti inú ewé kò ní kó má lè ṣe èèyàn níbi. Tábà náà, ewé ni.

Kí ló dé tí mo fi le koko lórí ọmọ ìkókó? Bí mẹ́ńtọ́ọ̀lù tàbí sínéólì bá sún mọ́ imú ọmọ ọwọ́, ó lè mú kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ há lójijì, tàbí kí èémí rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ohun tí àgbà fà símú tó ní "imú mi ti là" lè dí ọ̀nà èémí ọmọ pátápátá. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára ọ̀pọ̀ róòbù pé kí a má lò ó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń kéré, ṣùgbọ́n ẹ yí páálí tiyín padà kí ẹ wò ó.

Ní ti imú tó ń dí, ohun tó yẹ ọmọ ni omi iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún imú ọmọdé. Ilé ìtajà oògùn ní i. Ẹ sọ pé saline ti ọmọ ọwọ́ lẹ fẹ́. Ẹ̀kán kan tàbí méjì sí ihò imú kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fún un lọ́mú, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà kékeré tó ń fa ikun fà á jáde jẹ́jẹ́. Ẹ má po omi iyọ̀ yẹn nílé, ẹ ò ní mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ sì fi ọgbọ́n sọ fún màmá pé kí wọ́n má fi ẹnu fa imú ọmọ. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọkọ yín, ṣùgbọ́n kòkòrò ẹnu àgbà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Bí ọmọ kò bá lè mu ọmú torí imú, bí àyà rẹ̀ bá ń wọnú bó ṣe ń mí, bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí ètè rẹ̀ bá dúdú sí aró, ọ̀rọ̀ imú dídí ti kúrò níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí káńfọ̀. Bọ́ọ̀lù funfun tí à ń jù sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, náfítálínì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nínú ẹ̀jẹ̀ pupa wa, èròjà kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, òun ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ irú oró bẹ́ẹ̀. Àìtó èròjà yìí wọ́pọ̀ níbi tí ibà ẹ̀fọn ti ń bá èèyàn fínra láti ìrandíran, torí ó ń dín ọwọ́ ibà kù lára ẹni tí wọ́n bá bí i mọ́. Láàárín ọkùnrin Yorùbá, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ara ìyá fúnra rẹ̀ sì lè dá ṣáṣá kó má mọ̀ rárá. Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tó jinlẹ̀ lórí rẹ̀, nígbà tí Lucio Luzzatto, onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ará Ítálì, wà ní yunifásítì ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1960.

Bí ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó bá ń mí òórùn náfítálínì, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Nǹkan aláwọ̀ ìyeyè máa ń jáde lára ẹ̀jẹ̀ tó fọ́, ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò sì tíì lágbára láti kó o dànù. Ojú rẹ̀ á di ìyeyè, ohun tí à ń pè ní ibà pọ́njú nìyẹn. Bó bá pọ̀ jù, á wọ inú ọpọlọ: ọmọ lè di adití, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ dáadáa títí ayé, ó sì ń pa ọmọ. Káńfọ̀ nìkan kọ́. Lọ́dún 1980, S. A. Olowe àti Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé l'Ékòó tó padà di mínísítà ètò ìlera, tẹ ìwádìí jáde lórí ewu ibà pọ́njú fún àwọn ọmọ tí G6PD wọn kò tó tí wọ́n sì fi mẹ́ńtọ́ọ̀lù kàn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ìwádìí yẹn ti jáde, síbẹ̀ mo ṣì ń rí àtíkè oní-mẹ́ńtọ́ọ̀lù nínú báàgì ìyá ọmọ tuntun.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń lọ nínú ilé wa. A ti ra aṣọ ọmọ sílẹ̀ kó tó dé, a kó o sínú àpótí, a ju káńfọ̀ sí i. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a yọ aṣọ náà, òórùn káńfọ̀ ń ta lára rẹ̀, inú wa sì dùn pé aṣọ mọ́. Ìyá àgbà dé láti ìlú, ìró àti ọ̀já tí wọ́n fi pọn ọmọ, inú àpótí oní-káńfọ̀ ló ti wá, ọmọ sì fi imú lé e ní gbogbo ìgbà tó wà lẹ́yìn wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó ronú kan òróró Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kó gbogbo káńfọ̀ kúrò nínú yàrá tí ọmọ ń sùn. Aṣọ rẹ̀, ìbora, ìró, ọ̀já, ẹ fi ọṣẹ fọ gbogbo wọn, kí ẹ sá wọn síta títí òórùn yẹn á fi lọ. Bí màmá bá fi róòbù pa orúnkún, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí wọ́n wọ aṣọ bo ibẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọmọ. Ẹ máa wo ẹyinjú ọmọ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí ibi tó yẹ kó funfun níbẹ̀ bá di ìyeyè, ẹ má gbé e sínú oòrùn, ẹ má fún un ní omi gúlúkóòsì tàbí omi ewé ìbẹ́pẹ, ẹ má ra ampiclox fún un. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún dókítà bí ẹ bá ti lo káńfọ̀ tàbí mẹ́ńtọ́ọ̀lù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́? Ìgò gan-an ni ewu tirẹ̀. Ìgò kékeré tó ń rùn bí ọsàn, òmíràn tó ń rùn bí súìtì: ọmọ ọdún mẹ́ta wo ni kò ní tọ́ ọ wò? Yúkálíptọ́ọ̀sì tó ṣíbí ìmutíì kan, tàbí tí kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ti tó láti mú kí ọmọdé dákú. Kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọmọ lè máa wúkọ́, kó máa bì, kí oorun àìròtẹ́lẹ̀ máa kùn ún, kí gìrì sì mú un. Káńfọ̀ tó wà nínú róòbù, tó yàtọ̀ sí náfítálínì, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè fa gìrì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ọmọ bá gbé e mì. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe pàṣẹ lọ́dún 1983 pé káńfọ̀ inú oògùn tí èèyàn lè rà láìní ìwé dókítà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 11 nínú 100 lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, tó ga ju orí yín lọ, ni ààyè àwọn ìgò yìí, kí róòbù sì bá wọn wọ ibẹ̀. Orí fíríìjì kò tó. Ọmọ ọdún mẹ́ta á gun àga.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ pé ó mu ún, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé òun ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn gbogbo ará ilé, òun kan náà ni wọ́n ń fún ọmọ tó mu kẹrosíìnì. Òróró olóòórùn fúyẹ́, ó ń yọ̀, bí ọmọ bá bì, ó rọrùn kó gba ọ̀nà òdì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀fóró á sì wú. Epo pupa máa ń mú kí ọmọ bì, ó sì lè fúnra rẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Mílíìkì, omi iyọ̀, ìka lọ́nà ọ̀fun: ẹ má ṣe ìkankan. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tó bá ta sí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ bí oorun bá ń kùn ún, ẹ mú ìgò náà lọ́wọ́, ó di ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín jù. Bí ẹ kò bá ní ọkọ̀, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. L'Ékòó, 767 náà wà. Kí àbúrò yín mọ̀ pé níbi tó wà, 999 ni bí ẹni tó mu ún bá ti ń dákú tàbí tí gìrì mú un, 111 bó bá kàn fẹ́ béèrè ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà ní nọ́ńbà tiwọn fún ọ̀rọ̀ májèlé: 1-800-222-1222. Bó bá ta sí ojú, omi tó mọ́ ni, kí ó máa ṣàn sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bó bá ń ta ara, ọṣẹ àti omi.

Ó kan àwọn tó lè lò ó báyìí. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìṣirò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Mílílítà kan jẹ́ nǹkan bí ẹ̀kán 20. Ṣíbí ìmutíì kan gba mílílítà 5. Ẹ̀kán kan nínú ṣíbí ìmutíì kan àdín àgbọn jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 100, ìwọ̀n tó dára fún ojú àti ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba nǹkan nìyẹn. Ẹ̀kán méjì sí ṣíbí kan tó fún ara àgbàlagbà. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta, bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́, ẹ̀kán lafẹ́ńdà kan nínú ṣíbí méjì, sí ẹ̀yìn tàbí àtẹ́lẹsẹ̀, kì í ṣe ojú, kì í ṣe ọwọ́ tó máa fi sẹ́nu. Pẹ́pámíńtì àti yúkálíptọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kó dàgbà ná. Àdín àgbọn, òrí tí ẹ yọ́, òróró tí wọ́n fi ń dín nǹkan, gbogbo wọn ló ṣeé fi là á. Omi kò ṣeé fi là á: òróró á léfòó sójú omi ìwẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ ara bó ṣe le tó láti inú ìgò. Ẹ máa rí ẹni tó máa sọ fún yín pé kí ẹ kán an sí ara bẹ́ẹ̀ láìla. Ẹ má gbà. Ara tó bá ti kọ òróró kan lẹ́ẹ̀kan, lóòótọ́, kì í sábà gbà á mọ́ láéláé, bí a bá là á tàbí a kò là á.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò sí inú ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá ń yún yín tàbí ó pọ́n, ẹ má lò ó.

Kí ló ń ṣe fún èèyàn gan-an? Díẹ̀. Mi ò ní bá yín purọ́ pé lafẹ́ńdà máa mú yín sùn bí oògùn oorun. Òórùn rẹ̀ máa ń fi ara balẹ̀ fún àwọn kan, ibi tí mo gbà á dé nìyẹn. Pẹ́pámíńtì ní ẹ̀rí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún orí fífọ́: ní Jámánì, wọ́n dán ìdá 10 nínú 100 rẹ̀, tí wọ́n fi ọtí là, wò níwájú orí àwọn àgbàlagbà, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, imú ọmọ sì wà lábẹ́ àgbọ̀n yín ní gbogbo ìgbà. Títí ọmọ á fi dàgbà díẹ̀, parasítámọ́ọ̀lù ni mo máa fún yín. Tii tiri, tí wọ́n ń rí lára igi kan ní Ọsirélíà, wúlò fún irorẹ́. Lọ́dún 1990, àwọn oníṣègùn ibẹ̀ fi ìpara ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ wé oògùn irorẹ́ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ó lọ́ra ju oògùn yẹn lọ, ṣùgbọ́n kì í ta ara tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kán márùn-ún sí ṣíbí ìmutíì kan nìyẹn, sórí irorẹ́ nìkan, kì í ṣe gbogbo ojú. Ẹ má mu ún, ẹ má fi fọ ẹnu. Kò sí ìgò kankan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó yẹ kó dé orí ọmú yín.

Ọkọ yín ni mo ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ òórùn bá wí. Ásímà kì í ṣe ọ̀rẹ́ òórùn líle, bóyá ó dùn tàbí kò dùn. Ẹlòmíràn á wà láìsí wàhálà, ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í fée láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, kí ó jẹ́ ní pálọ̀, kí fèrèsé ṣí, ẹ̀kán ọsàn dídùn méjì tàbí mẹ́ta nínú omi ẹ̀rọ náà, kí ẹ pa á lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí íńhélà rẹ̀ wà nítòsí. Bó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ kó ẹ̀rọ náà sínú páálí rẹ̀ padà. Nínú ilé tí ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti alásímà wà pa pọ̀, tí a sì máa ń ti fèrèsé nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, èmi kò ní tàn án rárá. Bí ẹ bá ní ológbò, ìdí mìíràn nìyẹn: ẹ̀dọ̀ ológbò kò mọ bí a ṣe ń tú irú nǹkan báyìí palẹ̀, tii tiri pàápàá máa ń ṣe é léṣe.

Ọ̀rọ̀ màmá gba àkíyèsí. Nínú àpótí yín, kò sí ohun tó burú fún orúnkún wọn: ẹ̀kán lafẹ́ńdà tàbí yúkálíptọ́ọ̀sì méjì nínú ṣíbí kan òrí yíyọ́, kí ẹ fi wọ́ ọ jẹ́jẹ́, kí wọ́n sì jìnnà sí ọmọ fún ìgbà díẹ̀. Wíwọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ń ṣe ju òróró lọ, lérò tèmi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò ni róòbù gbígbóná tí àwọn àgbà fẹ́ràn. Bí ẹ bá rí "methyl salicylate" tàbí "wintergreen" lára páálí rẹ̀, ẹbí áṣípírìnì ni, ó sì ń gba ara wọlé. Ṣíbí ìmutíì kan ògidì òróró wintergreen ju hóró áṣípírìnì 20 lọ, kí ẹ lè mọ bó ṣe le tó. Ẹni tó ń lo wọ́fárìnì, ọ̀kan lára oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó sì ń fi irú róòbù bẹ́ẹ̀ pa orúnkún méjèèjì láàárọ̀ lálẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè fẹ́lẹ́ jù, kó máa da láti inú erìgì tàbí kí ara máa dúdú láìjẹ́ pé ó gbá nǹkan. Ẹ mú páálí róòbù náà dání nígbà tí wọ́n bá tún ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kí wọ́n má sì fi aṣọ gbígbóná tàbí rọ́bà omi gbígbóná lé orí ibi tí wọ́n pa á sí, torí ó ń bó ara.

Àwọn nǹkan díẹ̀ mìíràn tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tí mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú ilé á dábàá. Ká fi aṣọ bora lórí abọ́ omi híhó tí a kán yúkálíptọ́ọ̀sì sí: gbogbo wa la ṣe é lásìkò kòrónà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ti ibẹ̀ jóná. Níbi tí ọmọ ọdún mẹ́ta wà, ẹ má gbé abọ́ omi híhó sílẹ̀ fún ohunkóhun. Lẹ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n fún láti ara èèpo ní ohun tó ń mú kí oòrùn jó ara. Bí ẹ bá fi pa ara tí ẹ sì jáde lọ sọ́jà, ó lè bó, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń fi pa abíyá àti ojú ń ṣe ohun kan náà. Ẹ fi lẹ́mọ́ọ̀nù yẹn nu ilẹ̀: ẹ pò ó mọ́ ọṣẹ olómi kí ẹ tó da omi sí i, ẹ má sì pò ó mọ́ jíìkì. Ọsàn dídùn kì í fa wàhálà oòrùn yẹn.

Ẹ̀fọn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń sọ pé yúkálíptọ́ọ̀sì ń lé e. Oògùn ẹ̀fọn kan wà lóòótọ́ tí wọ́n ń ṣe láti ara yúkálíptọ́ọ̀sì tó ń rùn bí lẹ́mọ́ọ̀nù, PMD ni wọ́n ń pe èròjà inú rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í lò ó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Èyí tó wà nínú ìgò yín kọ́ ni. Òróró ewé tíì máa ń lé ẹ̀fọn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀fọn á padà. Nẹ́ẹ̀tì ni fún ọmọ ìkókó, kí ẹ ti etí rẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn níbí, ẹ wo ara ìgò: orúkọ igi náà ní Látìnì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bí Lavandula angustifolia tàbí Eucalyptus globulus, pẹ̀lú ọjọ́ tó máa parí. Èyí tó kàn kọ "lavender fragrance", lọ́fínńdà ni, kò yẹ ara. Owó náà á tún sọ̀rọ̀. Òróró òdòdó róòsì láti Bọ̀gáríà ń gba ju 3,000 kílógíráàmù òdòdó lọ fún kílógíráàmù kan ṣoṣo, nítorí náà ẹni tó bá ń tà á fún yín ní owó túbù ìfọyín, kì í ṣe róòsì ló ń tà.

Ìgò dúdú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ ló yẹ kí òróró olóòórùn wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ike, torí òróró ọsàn ń jẹ ike. Kí ó jìnnà sí sítóòfù gáàsì àti àbẹ́là, iná ń tètè ràn mọ́ ọn. Ooru ilé wa ń tètè bà á jẹ́: tii tiri, ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù tí atẹ́gùn ti wọ̀ máa ń yún ara ju tuntun lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ìgò kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, tàbí bí òórùn rẹ̀ bá ti ń kan, ẹ má lò ó fún ara mọ́. Ẹ má dà á sínú gọ́tà. Ẹ dé e pa, ẹ fi láílọ́ọ̀nù wé e, kí ẹ sì kó o fún àwọn tó ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, kó má sùn nínú garawa ìdọ̀tí tí ọmọ lè ṣí.